Ẹ wo nọ́ńbà kí ẹ tó wo ọ̀dà

Mo tún gba Rond-point Deïdo kọjá láàárọ̀, ní Douala níbí. La Nouvelle Liberté ṣì dúró gàgàrà, ère tí Joseph-Francis Sumégné fi pàǹtí irin, taya àti ẹ̀yà mọ́tò tò ní 1996. Àlòkù a máa dẹwà lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa mọ́tò tòkunbọ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọkọ̀ asáré tí wọ́n ṣe níwọ̀nba, ẹ fara balẹ̀. Irú Toyota Celica GT-Four tí wọ́n fi orúkọ awakọ̀ ìdíje ráálì, Carlos Sainz, pè, 5,000 péré ni wọ́n ṣe, ẹnikẹ́ni sì lè lẹ orúkọ yẹn mọ́ Celica lásán. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Omi ni wọ́n fi ń mú atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ojúlówó tutù. Ẹ ka nọ́ńbà ara ṣásí, ẹ fi wé ti ìwé ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á, ẹ máa lọ.

Òjò Douala kì í ṣe kékeré. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí. Bí ẹrẹ̀ bá ti gbẹ mọ́ ibẹ̀, omi ti wọ ọkọ̀ yẹn rí. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbóòórùn abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó kí mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, tó wo abẹ́ rẹ̀.