Àwọn Mẹ́ta Tí Mo Yàn

Ní táàmù kìíní, èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa fẹnu kéde ìpàdé wa. Mo yan àwọn tó gbajúmọ̀ jù: olórí hóstẹ́ẹ̀lì, agbábọ́ọ̀lù kan, àti olórí akọrin.

Nígbà tí táàmù ku ọ̀sẹ̀ kan, mo bá ọmọ JSS 1 kan tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Pidgin ni mo fi kí i, bí gbogbo wa ti ń ṣe ní Port Harcourt. Yorùbá ló fi dáhùn: "Sínìọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá?" Kò mọ̀ rárá pé ẹgbẹ́ wa wà. Ojú tì mí gan-an.

Mo mú bírò, mo ṣírò ó. Olórí hóstẹ́ẹ̀lì dé ọ̀dọ̀ ẹni 40. Agbábọ́ọ̀lù mọ 36, ṣùgbọ́n 31 nínú wọn ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. 5 péré ló fi kún un. Olórí akọrin fi 3 kún un. Ọ̀rẹ́ ara wọn ni wọ́n kúkú! Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48.

Olùkọ́ ìṣirò wa ní kí n kọ́kọ́ mú ẹni tó mọ èèyàn jù, kí n wá máa mú ẹni tó máa mú èèyàn *tuntun* wá jù. Bí mo ṣe rí ọmọbìnrin JSS 2 kan tó mú 16 wá nìyẹn, àti ọmọkùnrin kan tó mú 14. Ó di 70.

Wọ́n ní Nemhauser, Wolsey àti Fisher ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1978: bí àfikún bá ń kéré sí i bí ohun tí a ti ní ṣe ń pọ̀ sí i, tí kò sì ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́, yíyàn lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí kò ní mú ohun tó kéré sí ìdá 63 nínú 100 ti èyí tó dára jù lọ. Ní 2003, Kempe, Kleinberg àti Tardos lò ó fún bí ìròyìn ṣe ń ràn láàárín àwọn èèyàn.

Èmi ò kọ́kọ́ gbà. Ẹni 12 ló wà tí mo lè yàn nínú wọn, mo bá yẹ gbogbo ọ̀nà 220 tí a lè gbà mú ẹni mẹ́ta wò. Lóòótọ́, àwọn mẹ́ta kan wà tí wọn ìbá dé ọ̀dọ̀ 74, olórí hóstẹ́ẹ̀lì ò sì sí lára wọn! Àmọ́ odidi Sátidé kan ni mo fi wá a. Ká ní ẹni 10 nínú 100 ni, ọ̀nà náà ju tírílíọ̀nù 17 lọ. Ta ló fẹ́ kà á?

Ọmọ JSS 1 yẹn wà lára 16 yẹn. Òun ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá.