Orúkọ Ẹran ní Pápá àti Orúkọ Rẹ̀ Nínú Àwo

Olùkọ́ kan ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa ọjọ́ ayọ̀ kan nínú ilé wọn. Ọmọdékùnrin kan kọ nípa ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó kọ ọ́ dáradára, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi oúnjẹ, ó ní àwọn àlejò jẹ ‘cow meat’ àti ‘goat meat’ ní àjẹyó. Olùkọ́ fi yíǹkì pupa fa igi lé ‘cow meat’, ó kọ ‘beef’ sí orí rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí agogo fi lù. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé olùkọ́ kò fọwọ́ kan ‘goat meat’ rárá. Ọmọ náà béèrè ìdí tí màlúù fi ní láti pààrọ̀ orúkọ nígbà tí ó bá kú, tí ewúrẹ́ kò sì pààrọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ní kí ó jókòó. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òpè.

Lédè Yorùbá, ikú kì í yí orúkọ ẹran padà. Ẹran ni ohun tí ń jẹ koríko lẹ́yìnkùlé, ẹran náà sì ni èyí tí ń hó nínú ìkòkò. Ọmọ tí ó já ewé fún ewúrẹ́ láàárọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ lálẹ́. Lóòótọ́, àwọn olóńjẹ a máa pe ẹran ewúrẹ́ tàbí ti àgbò ní ògúnfe, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà méjì ni ó wà: ‘cow’ di ‘beef’, ‘calf’ di ‘veal’, ‘sheep’ di ‘mutton’, ‘swine’ di ‘pork’. Bí ènìyàn bá tú ọ̀rọ̀ náà wò dé ìdí, yóò rí i pé orúkọ ti pápá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ti inú àwo ti ilẹ̀ Faransé wá.

Ogun ni ó gbé e wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1066, Edward ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wàjà láìní ọmọ. Harold gorí oyè, ṣùgbọ́n William, olórí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, ní òun ni oyè náà tọ́ sí. Ó kó ọmọ-ogun rékọjá òkun. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ó ṣẹ́gun nítòsí Hastings, Harold sì kú síbẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì ni wọ́n dé William ládé ní Westminster. Kí ogún ọdún tó pé, ọ̀pọ̀ jùlọ ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì sí ọwọ́ àwọn tí ó bá ọba tuntun wá. Ní ọdún 1086 ọba rán ènìyàn káàkiri láti ka ohun ìní gbogbo ènìyàn, òpìtàn kan lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ráhùn pé wọn kò yọ màlúù kan tàbí ẹlẹ́dẹ̀ kan sílẹ̀ nínú ìwé náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ráhùn, orúkọ tí àwọn darandaran ń pe ẹran wọn gan-an ni ó sì kọ. Èdè Faransé ni ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń sọ nídìí oúnjẹ. Ẹni tí ó bọ́ ẹran kì í sábà tọ́ ọ wò. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò bọ́ ọ.

John Wallis ti tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti ọdún 1653. Walter Scott ni ó wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, nígbà tí ó fi í sí ẹnu Wamba apanilẹ́rìn-ín àti Gurth olùṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìwé Ivanhoe, tí ó jáde ní ìparí ọdún 1819. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó gún régé ju bí ọ̀ràn ti rí lọ. Fún ìgbà pípẹ́ ni orúkọ méjèèjì fi dàrú mọ́ ara wọn. Wọ́n ti pe àgùntàn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ‘mutton’ rí. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ní Ìwé Númérì orí 31, ka ìkógun tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kó lọ́dọ̀ àwọn ará Mídíánì, ó sì sọ pé 72,000 ‘beeves’ wà níbẹ̀. Màlúù alààyè ni gbogbo wọn, ọ̀bẹ alápatà kò tíì kàn wọ́n; bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún 545 lẹ́yìn ogun Hastings. Nítorí náà idà William nìkan kọ́ ni ó pín orúkọ wọ̀nyí. Ó mú ọ̀rọ̀ Faransé wọ ìlú ni. Àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń fi ìdáná Faransé ṣe fáàrí àti àwọn tí ń kọ ìwé oúnjẹ fún wọn ni wọ́n há ‘beef’ mọ́ inú àwo díẹ̀díẹ̀.

Wọn kò sì rí gbogbo rẹ̀ há. ‘Fish’ ni ẹja nínú odò àti lórí iná. Èdọ̀, ọkàn àti ahọ́n ẹran ṣì ń jẹ́ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn kí William tó dé. Ní ti ewúrẹ́, kò sí orúkọ Faransé kan tí ó fìdí múlẹ̀ fún ẹran rẹ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. ‘Goat meat’ ọmọdékùnrin náà kò ní àléébù kankan.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ẹ̀yìn òkun. Kóòtù tí ọmọ Yorùbá ń pe ẹjọ́ sí, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 1362 ni òfin tó pàṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ òfin náà! Tábìlì gba ọ̀nà kan náà wá. Búrẹ́dì tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé.

Nígbà tí ọmọdékùnrin náà tún àròkọ rẹ̀ kọ, ó kọ ‘beef’, nítorí pé ìdánwò kì í gbọ́ àwíjàre. Ó fi ‘goat meat’ sílẹ̀ bí ó ti wà.