Òpó Iná Ayétòrò

Ìgbà ọ̀yẹ́ ni mo kọ́kọ́ dé Ayétòrò. Ebúté Ìgbọ́kọ̀dá ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti gbé wa, mo sì di etí ọkọ̀ mú débi pé àwọn ọmọdé inú rẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Gbàgede kan wà létí òkun nígbà náà. Wọ́n tẹ́ àwọ̀n síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà ń tún ojú rẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òpó iná kan ló pààlà gbàgede náà sí òkun. Mo fẹ́ràn òpó yẹn. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú yìí dó; wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀, àpò kan náà ni èrè gbogbo wọn ń wọ̀. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni wọ́n ti tan iná ti wọn, nígbà tí fìtílà ṣì ń jó ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá.

Mo padà lọ nínú oṣù Agẹmọ. Òjò pa wá láti Ìgbọ́kọ̀dá débẹ̀. Ìdí òpó ti wà nínú omi, pákó ni a ń tẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo kí ìyá kan tó ń ta pupuru, mo ní, "Ẹ kú òjò, Màmá." Ó nawọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́. "Ọmọ mi, ibẹ̀ yẹn ni mo ti ń yan pupuru lọ́dún tó kọjá."

Ilẹ̀ wọn ò ga, ẹrẹ̀ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀; bí òkun bá ti bù ú, ó lọ nìyẹn. Ní 2004, wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún kọngilá. Ní 2009, wọ́n tún gbé e fún òmíràn. Òkun ò dúró de ẹnì kankan nínú wọn.

Nígbà tí mo lọ nínú oṣù Bélú, òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ roro. Orí òpó nìkan ló yọ lójú omi, ẹyẹ kan bà lé e. Mo bi ọmọkùnrin kan léèrè gbàgede.

"Èwo nínú wọn?" ló dá mi lóhùn. "A ti gbé e sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n."

Ó mú mi lọ. Ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀n wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó má fi dọ́la. Ọkọ̀ wà ní Ìgbọ́kọ̀dá.