Òrùka Ìdána ní Ìsàlẹ̀ Gángan

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà tí ẹ sì yà sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Gángan, ẹ di àpò owó yín mú dáadáa. Ọ̀nà tóóró ni, èrò pọ̀, alábàárù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní agbègbè yìí, títí dé Jánkárà, ni ará ilé ọkọ ti lè ra ẹrù ìdána: orógbó, obì, ataare, oyin, aṣọ, àti òrùka tí a óò so mọ́ Bíbélì tàbí Kùránì.

Láyé àtijọ́, iyùn àti sẹ̀gi ni ohun iyì lọ́rùn ìyàwó. Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí fúnra rẹ̀ kí Òyìnbó tó dé. Àlejò ni dáyámọ́ǹdì. Ní 1930 ni wọ́n rí i ní Sàró. Ìpolówó ilé-iṣẹ́ De Beers, pàápàá láti 1947, ni ó sì sọ ọ́ di òkúta òrùka àfẹ́sọ́nà káàkiri ayé. Ogun Sàró, láti 1991 sí 2002, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ lè wà lára irú òkúta bẹ́ẹ̀. Èyí wà lára ohun tí ó bí ètò Kimberley tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003.

Bí àfẹ́sọ́nà yín bá fẹ́ ra dáyámọ́ǹdì, ẹ bá a lọ. Ohun mẹ́rin ni à ń wò: bí a ti gé e, àwọ̀ rẹ̀, mímọ́ inú rẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀. Gígé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí òun ni ó ń mú kí òkúta kọ mànà. Kárátì kan jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù.

Ẹ mí sí i lára: èémí kì í pẹ́ lórí dáyámọ́ǹdì bí ó ti ń pẹ́ lórí dígí. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí òkúta mìíràn wà tí ó lè yege bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí, irú èyí tí GIA ti Amẹ́ríkà ń fúnni. Kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe olùtà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè bóyá inú ilẹ̀ ni ó ti wá tàbí inú ẹ̀rọ. Láti 1954 ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣe é. Dáyámọ́ǹdì gidi ni, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti inú ilẹ̀. Kò sí àléébù níbẹ̀ bí olùtà bá sọ òtítọ́. Ẹ wo inú òrùka pẹ̀lú: 750 túmọ̀ sí pé ìdá 75 nínú 100 rẹ̀ ni ojúlówó wúrà.

Ẹ máa bọ́ ọ kí ẹ tó po ìyẹ̀fun tàbí kí ẹ tó fi ọwọ́ kan omi jíìkì. Òróró a máa lẹ̀ mọ́ dáyámọ́ǹdì, a sì pa dídán rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tí ó rọ̀ ti tó láti fọ̀ ọ́.

Lákòótán, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí òrùka yóò bá gbé owó ilé gbígbà tàbí owó ìdókòwò yín lọ, ẹ ra wúrà kékeré tí kò ní òkúta. Ní ọjọ́ ìdána, wọn óò ní kí ìyàwó mú èyí tí ó ṣe iyebíye jù nínú ẹrù. Ìwé Mímọ́ ni yóò mú, òrùka yóò sì bá a wá. Alága ìjókòó kì í wọn òkúta kí ó tó ṣe àdúrà.