Àbọ̀ Abà Nígbà Ọyẹ́

Ọyẹ́ máa ń tan ènìyàn jẹ. Òjò ti dá, ẹrẹ̀ ti gbẹ, ọ̀nà oko tí ọ̀kadà kò lè gbà ní oṣù Kẹsàn-án ti le bí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, odò Ọ̀sẹ́ pàápàá ti fà. Tí àwọn ọmọ Ìmórù, ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ń gbé Èkó àti Abújá bá wálé ọdún ní oṣù Kejìlá, kò sí ohun tó dà bí ẹni rọrùn tó pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí abà, kí wọ́n sùn ní ahéré baba wọn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Mo fẹ́ kí wọ́n lọ. Ọmọ tí kò tẹ oko baba rẹ̀ rí, báwo ni yóò ṣe mọ ààlà rẹ̀? Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀hún ló kù díẹ̀ káàtó. Orí ẹrù la ti ń bẹ̀rẹ̀: gaàrí mélòó, ẹní mélòó, tọ́ọ̀ṣì wà ńbẹ̀ àbí kò sí. Orí àbọ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ wo la ó dé, ọ̀nà wo la ó gbà, ta ló ń retí wa, kí ni onítọ̀hún yóò ṣe tó bá di alẹ́ tí kò rí wa?

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di dandan. Ìṣàn tó ń fún abà lómi nígbà òjò lè ti di iyanrìn lásán ní oṣù Kìíní, nítorí náà ẹni tó gbé iṣu tí kò gbé omi ti dín ọjọ́ tó lè lò níbẹ̀ kù kó tó kúrò nílé. Ọ̀sán a mú ganrínganrín, òru a tutù dé eegun, èyí ló ń mú kí àwọn àlejò dáná sínú ahéré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Ìyẹn tún kéré sí iná ìta. Atẹ́gùn tó ń ti aginjù Sàhárà bọ̀ ti gbẹ gbogbo ewé, ìgbà yìí gan-an ni àgbẹ̀ ń sun oko tó ti ṣán, tí àwọn ọdẹ mìíràn sì ń fi iná lé ẹran jáde. Iná tí a kò dá lè dí ọ̀nà kan ṣoṣo tí a mọ̀. Ẹni tó ń ṣètò àbọ̀ yóò ti béèrè nílé pé ta ló fẹ́ sun oko lọ́sẹ̀ yìí, yóò sì ti mọ ọ̀nà kejì.

Ẹnìkan lè ní àwọn baba wa kò ṣe irú wàhálà yìí. Wọ́n ṣe é. Wọ́n ń kọ́wọ̀ọ́ rìn, ọdẹ a fi ewé sí oríta kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ apá ibi tó yà sí, ìyàwó ilé sì mọ ọjọ́ tí onílé ń bọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Norway, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń rin inú yìnyín lọ sùn ní ahéré orí òkè, tí ẹgbẹ́ tó ń bójú tó àwọn ahéré náà sì ti wà láti ọdún 1868, òfin àkọ́kọ́ nínú òfin òkè wọn ni pé kí o ṣètò ìrìn rẹ, kí o sì sọ ibi tí ò ń lọ fún ẹlòmíràn. Òmíràn sọ pé kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn yí padà lásìkò. Ewé oríta àti òfin yẹn, ọgbọ́n kan náà ni.

Àtakò tó le jù ni pé sísọ ibi tí a ń lọ ló ń fa ajínigbé. N kò lè fojú kékeré wò ó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ojú títì ni wọ́n ti pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, nítòsí Ẹlẹ́gbẹ́ka, nígbà tí kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. Bí ọba kò bá bọ́ lójú títì, kí ni ká sọ nípa ọ̀nà igbó? Ṣùgbọ́n kí a sọ fún ẹni méjì yàtọ̀ sí kí a polówó. Ẹni tó gbé àwòrán ọ̀nà oko sórí WhatsApp kó tó kúrò nílé ti sọ fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó sọ fún ẹ̀gbọ́n kan nílé àti olórí ọdẹ ti sọ fún àwọn tó lè wá a. Ẹni tó dákẹ́ pátápátá ńkọ́? Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́ lásán, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí ọjọ́ kẹta.

Àwọn mìíràn ní ká má lọ mọ́ rárá. Lọ́dún tí ìròyìn bá burú, tí ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn tàbí àwọn ọdẹ bá ní ká dúró, ká dúró ni. Ṣùgbọ́n kòkó kò lè sá ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oko tí olóko pa tì kì í pẹ́ ní olóko mìíràn. Àwọn tó ń gbé abà jálẹ̀ ọdún kò ní àǹfààní àti yàn; àlejò oṣù Kejìlá ló ní in, ó sì yẹ kó fi àǹfààní yẹn jókòó ti ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fi sílẹ̀ nílé, kí àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí wákàtí kan pàtó: bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta bá lù, tí kò sì gbọ́ ìró ọ̀kadà wọn, kó má ṣe dúró de ilẹ̀ ṣú kó tó kan ilẹ̀kùn olórí ọdẹ.