Kíkọ Ìtàn Nípa Ẹni Tí Kì í Ṣe Irú Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá àlejò ìlú wí, ó sì bá òǹkọ̀wé wí pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mú gègé láti kọ ìtàn àròsọ nípa ẹni tí ìran rẹ̀, ipò rẹ̀ tàbí ìgbésí ayé rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, àlejò ni ó jẹ́ nínú ilé onílé. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń wí pé kí olúkúlùkù máa kọ nípa irú tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n bí a bá gba èyí, ọkùnrin kò ní lè kọ nípa obìnrin, ọ̀dọ́ kò ní lè kọ nípa arúgbó, ìtàn àròsọ yóò sì tán nílẹ̀. Ohun tí ó tọ́ kí a bèèrè ni ọ̀nà tí àlejò lè gbà ríran.

Ní ọdún 1826, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, Hugh Clapperton, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléré sì ṣeré fún un ní iwájú Aláàfin. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni àwòrán òyìnbó kan tí ara rẹ̀ funfun, tí ó rù, tí òtútù ń mú. Ó ń fín aáṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì rọra ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Inú àwọn òǹwòran dùn púpọ̀, wọ́n sì ń bi àlejò wọn léèrè bí eré náà kò bá dára. Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé òun ṣe bí ẹni pé inú òun dùn sí i bíi tiwọn. Ojú nìkan ni àwọn eléré yìí lò. Wọ́n mọ bí òyìnbó ti ń rìn, wọn kò mọ ohun tí ó ń rò. Fún eré ìdárayá, ìyẹn tó; fún ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn, kò tó.

Nígbà tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, òyìnbó ni ó wá ń ya àwòrán ènìyàn dúdú. Joyce Cary, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkè Ọya kí ó tó padà sílé ní ọdún 1920. Ní ọdún 1939 ó tẹ ìwé Mister Johnson jáde, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan tí ń sin òyìnbó. Johnson ń jó, ó ń kọrin, ó ń jẹ gbèsè. Ó jalè, ó pa ènìyàn, níkẹyìn ọ̀gá tí ó fẹ́ràn gidigidi ni ó yìnbọn pa á. Nígbà tí wọ́n fi ìwé yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní University College ní Ìbàdàn, wọ́n kọ̀ ọ́, nítorí wọn kò rí ènìyàn tòótọ́ nínú Johnson. Chinua Achebe wà láàárín wọn. Ìwé náà wà lára ohun tí ó sún un láti kọ Things Fall Apart, tí ó jáde ní ọdún 1958. Cary kò ṣàìgbé ní Nàìjíríà. Orí àga ọ̀gá ni ó ti ń wo akọ̀wé rẹ̀.

Ó yẹ kí a fi èyí wé iṣẹ́ Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Láti ọdún 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn yìí ń tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ti di aláìsàn àti òtòṣì, ó sì ń ròyìn bí òun ti fi ẹwà òun ṣe ìrìnkúrìn nígbà èwe, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́gbọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo lẹ́tà náà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n.

Báwo ni ọkùnrin yìí ti ṣe é? Èkínní, ó fi etí sílẹ̀. Èdè Èkó ni Sẹ̀gilọlá ń sọ: òwe rẹ̀, orin ìgbà èwe rẹ̀, ẹsẹ Bíbélì tí ó fi ń tu ara rẹ̀ nínú, àti orúkọ àdúgbò tí àwọn òǹkàwé ń rìn kọjá lójoojúmọ́. Èkejì, kò sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀ lásán. Obìnrin náà ń sunkún, ó ń ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí ògo ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀rọ̀ a tún dùn lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ aráyé rí. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ tí olóòtú fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni ó fi sí i lẹ́nu, ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì pamọ́ tán. Ṣùgbọ́n kò gba ohùn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn kọ ìtàn ọmọdékùnrin Fúlàní tí ń da màlúù, ọ̀pá àti fìlà ni yóò kọ́kọ́ sáré kọ. Ojú ni ó rí ìwọ̀nyí. Kí ó bèèrè ohun tí ojú kò rí: orúkọ wo ni ọmọ náà ń pe màlúù tí ó fẹ́ràn jù? Kí ni ìyá rẹ̀ ń wí fún un bí ó bá ń jáde? Kí ni ń bà á lẹ́rù bí ilẹ̀ bá ṣú sí i nínú igbó? Kí ni òun náà ń rò nípa àgbẹ̀ tí ń lé e? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ ìdáhùn, kí ó gbé gègé sílẹ̀, kí ó lọ jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì gbọ́.

Ìtàn àròsọ lè sọ ọmọ ènìyàn di ẹni ẹ̀sín lójú àwọn tí kò rí i rí. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé máa rántí pé ẹni tí òun ń kọ nípa rẹ̀ lè wà lára àwọn tí yóò kà á. Bí ẹni náà bá kà á, tí ó sì lè wí pé, “Èmi nìyí, àti rere mi àti àléébù mi,” àlejò ti ríran.