Ọ̀rá Ọmọ Ló Kó Bá Ọmọ: Ẹyẹ Òru Inú Ihò Caripe

Bí ìyá bá bọ́mọ yó, tí ọmọ ń dán, tó ń sanra, gbogbo ará ilé ni yóò máa bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà ní Caripe, ìlú orí òkè kan ní ìpínlẹ̀ Monagas, lórílẹ̀-èdè Fẹnẹsúélà, tó jẹ́ pé sísanra ọmọ rẹ̀ ló ń pa ọmọ láyé àtijọ́. Guácharo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Inú ihò òkúta ńlá kan ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń gbé.

Ẹni tó bá dé ẹnu ihò náà nírọ̀lẹ́ yóò rí ìran. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, igbe á sọ nínú lọ́hùn-ún bí ìgbà tí wọ́n ń na èèyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú jáde. Bí ẹyẹ náà bá na apá tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Òkùnkùn ihò kò dí wọn lọ́wọ́ rárá. Wọ́n á máa ta ẹnu kẹ́-kẹ́-kẹ́, ìró náà á lu ògiri òkúta, á padà sí wọn létí. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀nà nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Orí òkúta tó yọrí lára ògiri ni ìtẹ́ wọn wà. Èso tí wọ́n bì àti ìgbẹ́ ara wọn ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Ẹyin méjì sí mẹ́rin ni ìyá ń yé, tọkọtaya ló sì jọ ń sàba lé e fún nǹkan bí oṣù kan. Lóru, wọ́n á lọ já èso ọ̀pẹ inú igbó àti ti àwọn igi tó jẹ́ ìbátan píà, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á wá bì í sọ́mọ lẹ́nu. Kò sí kòkòrò, kò sí ẹran. Èyí ni kì í jẹ́ kí ọmọ tètè dàgbà. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń lò kó tó fò. Ṣùgbọ́n epo inú èso ti kó sí i lára! Òbí kò ju bíi 400 gíráàmù lọ, ọmọ á lé ní 600.

Ọ̀rá yìí ló fa wàhálà. Lọ́dún 1799, Alexander von Humboldt, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dé ihò náà. Ó ní lọ́dọọdún ni àwọn Chaima, tó ni ilẹ̀, ń fi ọ̀pá gígùn wó ìtẹ́, tí wọ́n ń pa ọmọ ẹyẹ lọ́pọ̀ yanturu, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ̀rá wọn nínú ìkòkò lẹ́nu ihò. Epo náà mọ́ gaara, kì í rùn, ó lè lé lọ́dún kan kó máà bàjẹ́. Òun ni àwọn àlùfáà òyìnbó ìlú náà fi ń se ọbẹ̀.

Kí ló wá gba ẹyẹ náà là? Ìbẹ̀rù ni! Àwọn Chaima gbà pé ẹ̀mí àwọn baba ńlá wọn ń bẹ nínú lọ́hùn-ún, wọn kì í sì í wọ ibi tó jìn. Humboldt fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìran ẹyẹ náà run.

Lọ́dún 1949, ìjọba sọ ihò náà di ibi ààbò. Lọ́dún 1975, wọ́n fi igbó àyíká rẹ̀ kún un. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, nítorí kóró èso tí ẹyẹ bá bì sílẹ̀ ló ń hù di igi. Ẹni tó bá gé igbó náà, oúnjẹ ẹnu ọmọ ló gbà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ máa ń jí lóru torí ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ta ló fẹ́ ṣiṣẹ́ òru, kí ẹlòmíì wá fi ọmọ rẹ̀ se ọbẹ̀?